Ìdàkọ láàárín àwọn sáfà ìwé-orúkọ: ìṣọ́ rẹ̀ àti ìtají rẹ̀

Ìdàkọ ìwé-orúkọ ni iṣẹ́ tí àwọn sáfà ń ṣe láàárín ara wọn kí ohun tí a kọ sínú ọ̀kan lè wà nínú gbogbo wọn. Ìwé-orúkọ tí à ń wí níhìn-ín ni èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ènìyàn, ẹ̀rọ àti àdírẹ́sì mọ̀. Ìṣọ́ ìdàkọ ni wíwádìí bóyá àwọn àdàkọ náà bára mu, àti ìgbà tí wọ́n bára mu kẹ́yìn. Ìtají ìdàkọ ni pípàṣẹ pé kí sáfà gba àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de àsìkò tí a là sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ méjèèjì wà, yálà ó ń lo Active Directory ti Microsoft, OpenLDAP, 389 Directory Server, tàbí DNS tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó fi hàn jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó ni ti Gánà ní oṣù kẹfà ọdún 2017, apá kan rẹ̀ sì gba Nàìjíríà kọjá.

Ìtumọ̀ àti ìdí rẹ̀

Ní yunifásítì, báńkì, ilé ìwòsàn tàbí iléeṣẹ́ ìjọba, ìwé-orúkọ ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Òun ni kọ̀ǹpútà ń bi léèrè pé ta lẹni yìí, ṣé páṣíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nìyí, ẹgbẹ́ wo ló wà, kí ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn. Bí ó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó lè wọlé, bí gbogbo ẹ̀rọ tó kù tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi í sórí sáfà kan ṣoṣo. A máa ń gbé e sórí méjì, mẹ́ta, tàbí ọgọ́rùn-ún pàápàá, kí ọ̀kan lè dáhùn nígbà tí èkejì bá ṣubú, kí ẹni tó wà lókèèrè sì rí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ bi léèrè.

Ká sọ pé iléeṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀, ó sì ní òmíràn ní Ìkẹjà. Sáfà kọ̀ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n sì ti orúkọ rẹ̀ pa lórí sáfà Ìkẹjà. Bí ọ̀nà tó so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀ bá ti já lọ́jọ́ Àìkú, sáfà Ìlódè kò gbọ́. Ẹni tó ti lọ náà ṣì lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìlódè kó wọlé bíi ti àná. Kò sí iná pupa tó tàn, kò sí ẹni tó pariwo. Sáfà Ìlódè ń dáhùn gbogbo ìbéèrè láìyẹ̀, ohun tó sì ń sọ kì í ṣe òótọ́ mọ́.

Ará Ifẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Iṣẹ́ tí Ọọ̀ni bá rán máa ń ti ààfin jáde lọ́wọ́ àwọn Ẹmẹ̀sẹ̀, á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe olórí àdúgbò: Ìrèmọ ní Ọbalúfẹ̀ tirẹ̀, Ìlódè ní Ọbalọ́ran tirẹ̀. Iṣẹ́ tí a rán báyìí kò tíì parí nígbà tí Ẹmẹ̀sẹ̀ bá jáde ní géètì ààfin. Ó parí nígbà tó bá padà wá jẹ́ àbọ̀. Ìdàkọ ni iṣẹ́ tí a rán, ìṣọ́ sì ni àbọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wàhálà tó ń bá ìwé-orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rán iṣẹ́ tí wọn kò sì béèrè àbọ̀.

Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ ẹ̀rọ wà. HOSTS.TXT ni wọ́n ń pè é, Stanford Research Institute ní California, ní Amẹ́ríkà, ló ń tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ àbójútó Elizabeth Feinler. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ tuntun á lọ gba fáìlì náà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i ni fáìlì ń tóbi sí i, àdàkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn sì ń gbó kí wọ́n tó lò ó tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé DNS jáde láti rọ́pò rẹ̀: wọ́n pín ìwé náà sí abala abala, abala kọ̀ọ̀kan sì ní sáfà àgbà kan àti àwọn sáfà tó ń da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ. Ìlànà rẹ̀ tí a ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní jáde ní 1987.

Ní àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Xerox ń dán ọ̀nà mìíràn wò. Ètò Grapevine tí wọ́n kọ ìwé lé lórí ní 1982 jẹ́ kí a lè ṣe àtúnṣe lórí sáfà èyíkéyìí, kì í ṣe lórí sáfà àgbà nìkan. Ní 1987, Alan Demers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox kan náà ṣàlàyé bí àtúnṣe ṣe lè tàn káàkiri ọgọ́rọ̀ọ̀rún sáfà bí àìsàn tó ń ràn, tàbí bí òfófó inú ọjà: sáfà kọ̀ọ̀kan á máa sọ ọ́ létí sáfà mìíràn títí gbogbo wọn yóò fi gbọ́. Àwọn náà ló rí i pé píparẹ́ le ju kíkọ lọ. Ohun tí a bá kàn parẹ́ níbi kan, àwọn tí kò gbọ́ yóò tún mú un padà wá. Wọ́n wá fi ìwé ẹ̀rí ikú lélẹ̀: orúkọ tó kú kì í kàn parẹ́ lásán, a máa fi àmì rọ́pò rẹ̀, àmì náà ni a sì ń da kọ káàkiri.

X.500, ìlànà àgbáyé fún ìwé-orúkọ, jáde ní 1988, ìlànà ìdàkọ sì wọ inú rẹ̀ ní 1993. Ọdún 1993 náà ni Novell gbé ìwé-orúkọ tirẹ̀ jáde pẹ̀lú NetWare 4, tí LDAP, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń bi ìwé-orúkọ léèrè, sì jáde láti ọwọ́ Tim Howes ti Yunifásítì Michigan, Steve Kille àti Wengyik Yeong. OpenLDAP bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Active Directory jáde pẹ̀lú Windows 2000 ní oṣù kejì ọdún 2000, ó sì sọ ìdàkọ di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún àìmọye ọ́fíìsì tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Bí ìdàkọ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Nínú ti sáfà àgbà kan, ibì kan ṣoṣo ni a ti ń kọ nǹkan, àwọn yòókù kàn ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni DNS ṣe máa ń rí. Nínú ti sáfà àgbà púpọ̀, ibi gbogbo ni a ti lè kọ, olúkúlùkù sì ń sọ fún ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni Active Directory rí. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn láti ṣọ́, ṣùgbọ́n bí sáfà àgbà bá ṣubú, kò sí àtúnṣe tó lè wọlé. Ọ̀nà kejì kò ní ìṣòro yẹn, àmọ́ ènìyàn méjì lè yí ohun kan náà padà níbi méjì ní ìṣẹ́jú kan náà.

Kí sáfà má bàa máa da gbogbo ìwé kọ nígbà gbogbo, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó kà dé. Gbogbo ètò ló ní àmì tó fi ń mọ̀ ọ́n. DNS ń lo nọ́ńbà kan tó wà lórí abala kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ fi kún un nígbàkígbà tí a bá ṣe àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ ọ́ bíi déètì: ọdún, oṣù, ọjọ́, àti nọ́ńbà méjì fún iye àtúnṣe ọjọ́ náà. Sáfà tó ń da á kọ á wo nọ́ńbà tiẹ̀ àti ti àgbà, bí ti àgbà bá ju tiẹ̀ lọ, ó mọ̀ pé nǹkan tuntun wà. Nínú Active Directory, sáfà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USN, tó ń lọ sókè pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe, sáfà kọ̀ọ̀kan sì ń rántí USN tó bá ẹnìkejì rẹ̀ dé kẹ́yìn. OpenLDAP àti 389 Directory Server ń lo CSN, àmì tó gbé aago, iye àtúnṣe àti nọ́ńbà sáfà tó kọ ọ́ pọ̀ sójú kan.

Nígbà tí àtúnṣe méjì bá forí gbárí, Active Directory kì í bi ènìyàn léèrè. Ó máa ń wo èyí tí a ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà ju èkejì lọ, bí wọ́n bá dọ́gba, ó wo aago, bí aago bá tún dọ́gba, ó lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ sáfà láti yan ọ̀kan. Ohun pàtàkì ni pé gbogbo sáfà ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà, nítorí náà ibì kan náà ni gbogbo wọn yóò dé.

Àsìkò náà ní òté tirẹ̀. Láàárín àwọn sáfà tó wà ní ojúlé kan náà, Active Directory máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kó tó sọ fún ẹnìkejì àkọ́kọ́ pé àtúnṣe ti dé, àti 3 kó tó sọ fún èyí tó tẹ̀ lé e. Láàárín ìlú sí ìlú, ìṣẹ́jú 180 ni ó ń dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, a sì lè dín in kù sí 15. Ẹni tó bá yí páṣíwọ́ọ̀dù padà ní Ìkẹjà láàárọ̀ lè má rí i ní Ìlódè títí di ọ̀sán, láìsí ohun kankan tó bà jẹ́. Alábòójútó gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó kígbe pé ìdàkọ ti dúró.

Bí a ṣe ń ṣọ́ ọ

Òfin àkọ́kọ́ nínú ìṣọ́ ni pé a kì í bi ẹnì kan léèrè nípa ohun tó kan ènìyàn méjì. Sáfà tó ti dá dúró kì í mọ̀ pé òun ti dá dúró. Bí a bá bi í, yóò sọ pé àlàáfíà ni. Ó dìgbà tí a bá gbé nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ẹnìkejì kí òótọ́ tó yọ.

Nínú DNS, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni èyí wà. Pẹ̀lú àṣẹ dig, a lè bi sáfà kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú abala kan léèrè nọ́ńbà rẹ̀, ká sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ìlà ìlà. Bí nọ́ńbà gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀kan, wọ́n bára mu. Bí ọ̀kan bá rẹ̀yìn, ká dúró díẹ̀ ká tún bi í. Bó bá ṣì rẹ̀yìn lẹ́yìn àsìkò tí a fún un láti wá wo àgbà, ó ní ìdí.

Nínú OpenLDAP, ohun tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni contextCSN. A ó fi ldapsearch béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ sáfà tó ń fúnni àti lọ́wọ́ sáfà tó ń gbà. Nítorí pé aago wà nínú rẹ̀, a lè rí iye ìṣẹ́jú tí àdàkọ fi rẹ̀yìn. Nínú 389 Directory Server, àdéhùn ìdàkọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń kọ àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn, ìgbà tó parí, àti bó ṣe rí. Nọ́ńbà 0 níbẹ̀ túmọ̀ sí àṣeyọrí. Èyí ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí pé nínú àwọn ẹ̀dà kan, ọ̀rọ̀ àṣìṣe ló máa ń ṣíwájú 0 náà.

Nínú Active Directory, repadmin ni irinṣẹ́ àgbà. Àṣẹ rẹ̀ showrepl ń fi hàn ìgbà tí sáfà kan gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe yọrí sí. Replsummary ń kó ti gbogbo sáfà jọ sójú ewé kan, pẹ̀lú iye ìgbà tó kùnà àti àkókò tó gùn jù láìgbọ́ nǹkan. Dcdiag ń wo ìlera sáfà lápapọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn PowerShell ní Get-ADReplicationFailure. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí repadmin kò dé. Àwọn fáìlì òfin iléeṣẹ́ tó wà nínú SYSVOL ní ọ̀nà ìdàkọ tiwọn. Orúkọ lè bára mu níbi gbogbo kí òfin má bára mu, repadmin kò sì ní sọ ọ́.

Òfin kejì nínú ìṣọ́ ni pé ojú nìkan kò tó. Alábòójútó tó ń wo ìwé-orúkọ lọ́jọ́ Ajé nìkan yóò mọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé ó bà jẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ̀rọ ló yẹ kó máa bi sáfà léèrè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, kó sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí a máa kọ orúkọ ìdánwò kékeré kan sórí sáfà kan, ká sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà kó tó hàn lórí gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti rán iṣẹ́, ó sì ti gba àbọ̀.

Bí a ṣe ń ta á jí

Ìgbà mìíràn wà tí dídúró kò ṣeé ṣe. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ kan tó mọ gbogbo àṣírí, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò pẹ̀lú páṣíwọ́ọ̀dù tuntun tí sáfà ibẹ̀ kò tíì mọ̀. Àwọn ètò kan mọ irú kánjúkánjú yìí fúnra wọn: Active Directory kì í dúró fún àsìkò kí ó tó tan ìròyìn pé a ti ti orúkọ kan pa nítorí páṣíwọ́ọ̀dù tó kùnà lọ́pọ̀ ìgbà. Fún àwọn yòókù, alábòójútó ló máa pàṣẹ.

Repadmin syncall ń sọ fún sáfà kan kí ó lọ gba nǹkan lọ́wọ́ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdàkọ nínú Active Directory jẹ́ ti gbígbà, kì í ṣe ti fífúnni, nítorí náà ẹni tó yí nǹkan padà ní Ìkẹjà tó sì pàṣẹ lásán fún sáfà Ìkẹjà kò tíì ṣe nǹkan fún Ìlódè. Ó gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà P ńlá kún àṣẹ náà kí ó lè ti ohun tó wà níbẹ̀ síta. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́. Nínú 389 Directory Server, àṣẹ kan wà tó ń ta àdéhùn ìdàkọ jí. Kí ó tó wà, àwọn alábòójútó máa ń yí àsìkò àdéhùn náà padà kí wọ́n sì tún dá a padà, kí sáfà lè dìde. Nínú OpenLDAP, sáfà tó ń gbà ló ń béèrè. A lè dín àlàfo ìbéèrè rẹ̀ kù, tàbí kí a jẹ́ kó di ọ̀nà mú ṣinṣin kí àtúnṣe máa dé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ní ti DNS, láti oṣù kẹjọ ọdún 1996 ni ìlànà kan ti wà tí sáfà àgbà fi ń kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń da á kọ pé nǹkan ti yí padà, kí wọ́n wá wò ó. Ìlànà mìíràn jáde ní oṣù kan náà tó jẹ́ kí wọ́n máa gba ohun tó yí padà nìkan. Ẹni tó ń lo BIND, ètò sáfà DNS kan, lè fi rndc refresh sọ pé kí sáfà lọ wo nọ́ńbà, tàbí rndc retransfer pé kó gba gbogbo abala náà láìka nọ́ńbà sí. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ṣe pàtàkì: bí ẹnì kan bá gbàgbé láti fi kún nọ́ńbà, refresh yóò wò ó, yóò ní kò sí ohun tuntun, yóò sì padà.

Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni a ń fi títají wò. Bí sáfà bá dá dúró nítorí ohun kan tó bà jẹ́ nínú rẹ̀, fífipá mú un sọ̀rọ̀ lè tan ìbàjẹ́ náà káàkiri. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi dákẹ́.

Ohun tó ń dá ìdàkọ dúró

Ọ̀nà tó já ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ní ìṣòro íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sáfà tí ẹnìkejì rẹ̀ wà ní Yúróòpù kò lè gbọ́ ohunkóhun.

Aago ni èkejì. Kerberos, ètò tí Active Directory fi ń dá ènìyàn mọ̀, kì í gba ẹni tí aago rẹ̀ fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú kọ̀ǹpútà máa ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí iná bá padà dé, sáfà á jí pẹ̀lú aago ọdún tó ti kọjá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní dá a mọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí gbogbo sáfà fi gbọ́dọ̀ máa gba aago láti ibì kan náà.

DNS ni ẹ̀kẹta. Sáfà tí kò rí àdírẹ́sì ẹnìkejì kò lè bá a sọ̀rọ̀. Nínú Active Directory, àṣìṣe 8524 ló ń tọ́ka sí èyí, 1722 sì ni pé a kò rí ẹni náà bá sọ̀rọ̀ rárá, bóyá ògiri ààbò ló dí ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù. Yorùbá mọ àkúdàáyà, ẹni tó kú nílùú rẹ̀ tó sì ń gbé nílùú mìíràn tí wọn kò ti gbọ́ ikú rẹ̀. Ìwé-orúkọ náà ní tirẹ̀. Nígbà tí a bá pa orúkọ rẹ́, àmì ikú rẹ̀ kì í wà títí láé. Ní Active Directory, ọjọ́ 60 ni ó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó sì di 180 fún àwọn tí a dá sílẹ̀ láti ìgbà Windows Server 2003 SP1. Bí sáfà kan bá wà nínú òkùnkùn ju iye ọjọ́ yẹn lọ, tó sì padà dé, orúkọ tó ti kú ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí àmì tó lè sọ fún un mọ́. Bí a bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀, òkú á padà sáàárín alààyè, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tó ní tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe 8614 ni Windows fi ń kọ̀ fún un. Nígbà tí a bá rí i, kì í ṣe ìtají ló kàn. A ó yọ sáfà náà kúrò, a ó sì tún un gbé dìde láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ààbò

Ẹni tó bá lè béèrè ìdàkọ lè béèrè gbogbo ìwé. Láti 2015 ni ètò Mimikatz ti fi hàn pé olè tó ní ẹ̀tọ́ tó pọ̀ tó lè ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ sáfà ẹlẹgbẹ́, kó ní kí wọ́n da páṣíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn kọ fún òun. Nínú DNS, sáfà tó ń fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ní abala rẹ̀ ń fi àwòrán ilé rẹ̀ han àlejò tí kò mọ̀. Nítorí náà, àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti da ìwé kọ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n, ìṣọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó béèrè sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó béèrè nìkan.

Ìwé-orúkọ .ng àti Ilé-Ifẹ̀

Ìwé-orúkọ tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń lò láìmọ̀ ni .ng. Ọdún 1995 ni wọ́n fi àbójútó rẹ̀ sọ́wọ́ Yaba College of Technology ní Èkó. Ó bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀, ní 2004, ó sì bọ́ sọ́wọ́ NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ .ng, ní 2009. Orí sáfà púpọ̀ ló wà, kí ìṣubú ọ̀kan má bàa pa gbogbo orúkọ Nàìjíríà mọ́ lójú àgbáyé.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó tètè wọ ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà. Ní àárín àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ilé ìmọ̀ físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò so àwọn ẹ̀ka yunifásítì náà pọ̀. Orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni oauife.edu.ng. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìlódè tó tẹ orúkọ yẹn sórí fóònù rẹ̀ ń bá ọ̀wọ́ ìwé-orúkọ mẹ́rin lò: ti gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì, ti .ng, ti edu.ng, àti ti yunifásítì fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn tí àdàkọ rẹ̀ bá gbó lè rán akẹ́kọ̀ọ́ náà sí ojúlé àná. DNS ní òfin tó le fún irú rẹ̀: sáfà tí kò bá rí àgbà bá sọ̀rọ̀ títí àkókò tí a kọ sínú abala náà fi pé gbọ́dọ̀ dákẹ́, kó má fi ìròyìn àtijọ́ tan ènìyàn.

Gánà, 2017

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní NotPetya jáde láti Ukraine, ó sì wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Denmark. Gẹ́gẹ́ bí Andy Greenberg ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Wired ní 2018, Maersk ní nǹkan bí 150 sáfà Active Directory káàkiri ayé. Gbogbo wọn ń da ara wọn kọ, èrò wọn sì ni pé bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn yòókù wà. Kò sí ẹni tó rò pé gbogbo wọn lè ṣubú lọ́jọ́ kan. Kòkòrò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nu gbogbo wọn tán. Láìsí ìwé-orúkọ, kò sí ẹni tó lè mọ ẹni tó jẹ́ ẹni.

Ọ̀kan ló kù. Iná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn ní Gánà kí kòkòrò tó dé, sáfà ibẹ̀ sì wà nínú òkùnkùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló gbà á là. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lè gbé ìwé náà lọ sí England, àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò sì ní físà láti wọ Britain. Ọ̀kan nínú wọn wá wọ bàálù lọ sí Nàìjíríà, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn ní pápákọ̀ òfuurufú, ó gbé díìskì náà lé e lọ́wọ́, ẹni yẹn sì wọ bàálù lọ sí Heathrow. Láti inú díìskì yẹn ni ìwé-orúkọ Maersk ti jí dìde. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, alága wọn nígbà náà, Jim Hagemann Snabe, sọ ní Davos pé wọ́n tún sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 tò láàárín ọjọ́ 10.

Ìdàkọ àti ìpamọ́

Ohun tí Maersk fojú rí ni òpin agbára ìdàkọ. Ìdàkọ ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀rọ kan tó kú. Kò lè gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí a kọ sínú ìwé, nítorí pé bó ṣe ń tan rere kíákíá ló ń tan búburú. Bí alábòójútó bá ṣèèṣì pa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan rẹ́, ìdàkọ tó dára yóò pa á rẹ́ níbi gbogbo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣọ́ yóò sì sọ pé gbogbo sáfà bára mu. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà, ìpamọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, ní ibi tí ìdàkọ kò dé, a sì gbọ́dọ̀ máa dán an wò bóyá ó ṣeé gbé dìde.

Ní ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, yálà ní Ìlódè tàbí ní Copenhagen ní Denmark, ìṣọ́ ìdàkọ ní ohun mẹ́ta: nọ́ńbà sáfà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnìkejì rẹ̀, ọjọ́ tí sáfà kọ̀ọ̀kan gbọ́ kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjọ́ tí àmì ikú fi ń wà, àti ọjọ́ tí a gbé ìpamọ́ dìde wò kẹ́yìn. Sáfà Gánà ṣe ohun kẹta yẹn fún Maersk láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, nítorí pé iná lọ. Alábòójútó ní láti rán ara rẹ̀ níṣẹ́ náà, kó sì jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, nígbà tí iná ṣì wà.